Ọ̀mì Kì í Ṣe Ìdọ́gba: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì tí Kò Ní Olùborí

1. Ìfáàrà

Kò sí ẹni tí ó ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀mì. Ọmọ ayò 48 ni ó wà ní ojú ọpọ́n. Bí àwọn méjì bá ta á títí tí ó fi parí, tí wọ́n sì ka ohun tí oníkálukú jẹ, bí ti èkínní bá jẹ́ 24, tí ti èkejì náà sì jẹ́ 24, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ọ̀ta kò lè fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè kò sì lè sọ pé òun ti di ọ̀ta. Láti ìdí ọpọ́n ayò ni ọ̀rọ̀ yìí ti rìn dé pápá bọ́ọ̀lù, níbi tí góòlù kan sí kan tàbí òdo sí òdo ti ń jẹ́ ọ̀mì. Nínú eré méjèèjì yìí, kíkà ni a fi ń mọ ọ̀mì: a ka ti apá kìíní, a ka ti apá kejì, wọ́n sì bá ara wọn dọ́gba.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìdí ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ìṣòro kan yọjú. Nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, agbára ẹnì kan ní ojú ọpọ́n lè ju ti ẹnì kejì lọ fíìfíì, kí ayò náà sì parí sí ọ̀mì. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀mì àti ìdọ́gba jẹ́ ohun kan náà yóò ṣi ayò náà túmọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni adájọ́ ní ibi ìdíje, yóò gba ìdajì máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́ sí. Bákan náà, ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, yóò sọ pé àwọn méjèèjì 'fa' ayò náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún kí a fa nǹkan àti fún kí a ta ọ̀mì. Ìyẹn kò ní ìtumọ̀ kankan létí ọmọ Yorùbá.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti fi hàn pé ọ̀mì ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ayò ṣẹ́ẹ̀sì, bí a bá fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, tí a sì fún oríṣi ọ̀mì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí kò ní jẹ́ kí a fi ọ̀kan pe èkejì. Ayò kan tí àwọn méjì ta ní ìlú Vienna ní 1872 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ojú ọpọ́n àti àwọn ọmọ ayò

Ojúlé 64 ni ó wà lórí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì: òpó mẹ́jọ ní òòró, ìlà mẹ́jọ ní ìbú. Ojúlé funfun àti ojúlé dúdú tẹ̀lé ara wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Lẹ́tà a títí dé h ni a fi ń pe àwọn òpó; nọ́ńbà 1 títí dé 8 ni a fi ń pe àwọn ìlà. Nípa báyìí, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí e4 tàbí c6. Òótọ́ ni pé lẹ́tà c kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ṣùgbọ́n àmì tí gbogbo ayé jọ ń lò ni àdírẹ́sì ojúlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà ni ó dára jù.

Àwọn tí ń ta ayò náà jẹ́ méjì, Funfun àti Dúdú, Funfun ni ó sì ń kọ́kọ́ rìn. Ọmọ ayò 16 ni oníkálukú ní. Orúkọ wọn, àmì tí a ó fi kọ wọ́n sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń rìn nìyí:

Ọba (Ọ), ẹyọ kan. Ojúlé kan ṣoṣo ni ó ń rìn lẹ́ẹ̀kan, sí ibikíbi tí ó bá wù ú, bí kò bá ti jẹ́ ibi tí ọ̀tá lè ti kọlù ú.
Olorì (L), ẹyọ kan. Ó ń rìn jìnnà ní òòró, ní ìbú àti ní ìdagun. Òun ni ó lágbára jù.
Ilé-ìṣọ́ (I), méjì. Ó ń rìn jìnnà ní òòró àti ní ìbú.
Bíṣọ́ọ̀bù (B), méjì. Ìdagun nìkan ni ó ń rìn.
Ẹlẹ́ṣin (Ẹ), méjì. Ó ń fò ní ojúlé méjì síwájú àti ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Òun nìkan ni ó lè fo ọmọ ayò mìíràn kọjá.
Ọmọ-ogun, mẹ́jọ. Iwájú ni ó ń rìn, kì í padà. Ní ìdagun ni ó ń jẹ. A kì í kọ àmì fún un.

Àwọn atayò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára: ọmọ-ogun jẹ́ 1, ẹlẹ́ṣin 3, bíṣọ́ọ̀bù 3, ilé-ìṣọ́ 5, olorì 9. A kò lè díwọ̀n ọba, nítorí pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ayò ti tán. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá mímú ọmọ ayò ọ̀tá kúrò lórí ọpọ́n mu ni jẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó nídìí ayò ọlọ́pọ́n. Àmì x ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Ìkọlọ́ba, ìmọ́ba àti àìríbirìn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kedere kí ọ̀mì tó lè yé ènìyàn.

Èkínní ni ìkọlọ́ba. Bí ọmọ ayò ọ̀tá bá dojú kọ ọba, tí ó jẹ́ pé ìrìn tí ó kàn ni yóò fi jẹ ẹ́ bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, a ti kọlu ọba, ìyẹn ni pé a ti kọlọ́ba. Dandan ni kí ẹni tí a kọlu ọba rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i lójú ẹsẹ̀: kí ọba sá, tàbí kí a jẹ ẹni tí ó kọlù ú, tàbí kí a fi ọmọ ayò mìíràn dínà. Àmì + ni a fi ń kọ ìkọlọ́ba sílẹ̀.

Èkejì ni ìmọ́ba. Bí a bá kọlu ọba tí kò sì sí ọ̀kankan nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí tí ó ṣí sílẹ̀, a ti mú ọba, a ti mọ́ba, ayò sì parí. Àwọn kan lè fẹ́ pe èyí ní ìpa-ọba, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni kò jẹ́ kí orúkọ náà dára. Lọ́nà kìíní, a kì í jẹ ọba kúrò lórí ọpọ́n. Ayò a máa parí ní ìrìn kan ṣáájú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Páṣíà ìgbàanì ń lò, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, kò sọ ju pé ọ̀ràn ti dójú rú fún ọba lọ. Lọ́nà kejì, Yorùbá kì í sọ pé ọba kú; ọba wàjà ni wọ́n ń wí. Ìmọ́ba bá òtítọ́ ayò náà mu, ó sì bá àṣà mu.

Ẹ̀kẹta ni àìríbirìn. Nígbà mìíràn, ó lè kan ẹnì kan láti rìn, kí ó má sì sí ìrìn kan tí òfin fi àyè gbà fún ọba rẹ̀ tàbí fún ọmọ ayò rẹ̀ mìíràn, síbẹ̀ kí ó má sí ẹni tí ó kọlu ọba náà. Kò ríbi rìn, ṣùgbọ́n a kò mú un. Ọ̀mì ni èyí. Níbí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò náà. Wọn a rí ọba tí ó há, wọn a sì pariwo pé àwọn ti borí. Bí a bá lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí 'ọba há', fún ìmọ́ba àti àìríbirìn, a ti fi èdè ti àṣìṣe yẹn lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: ǹjẹ́ a kọlu ọba ní àkókò tí kò ríbi rìn? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ́ba ni, máàkì kan gbáko ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀mì ni, ìdajì máàkì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

4. Oríṣi ọ̀mì márùn-ún

Òfin àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, fi àyè gba ọ̀nà márùn-ún pàtàkì tí ayò fi lè parí sí ọ̀mì.

Ọ̀mì àdéhùn. Àwọn méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ayò parí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti rìn tán, kí ó tó tẹ aago rẹ̀, ni ó yẹ kí ó fi ọ̀mì lọ ẹnì kejì.

Ọ̀mì àìríbirìn. A ti ṣe àlàyé rẹ̀ lókè.

Ọ̀mì àìtógun. Bí ohun tí ó kù lórí ọpọ́n kò bá tó èyí tí a lè fi mú ọba rárá, ayò parí lójú ẹsẹ̀. Ọba sí ọba kò lè mú ara wọn. Ọba pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù kan, tàbí ọba pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin kan, kò lè mú ọba tí ó dá dúró.

Ọ̀mì àtúnwá. Bí ìtò kan náà bá padà wá sójú ọpọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì kan ẹnì kan náà láti rìn, tí ìrìn tí òfin fi àyè gbà kò sì yàtọ̀, ẹni tí ó kàn lè béèrè fún ọ̀mì. Kò pọn dandan kí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn. Láti 2014, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò sí ìbéèrè mọ́. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò dá ayò náà dúró.

Ọ̀mì àádọ́ta ìrìn. Bí oníkálukú bá rin ìrìn 50 tí ẹnikẹ́ni kò jẹ nǹkan, tí ọmọ-ogun kankan kò sì ṣí kúrò lójú kan, a lè béèrè fún ọ̀mì. Bí ó bá di 75, adájọ́ yóò dá a dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Ohun kan wà tí àwọn atayò fẹ́ràn láti dárúkọ tí òfin òde-òní kò kà mọ́ oríṣi ọ̀mì. Èyí ni ìkọlọ́ba àìdáwọ́dúró, ìyẹn ni kí ẹnì kan máa kọlu ọba ẹnì kejì láìsimi, kí ọba náà má rí ibi tí yóò sá sí tí kò ní tún bá ìkọlù pàdé. Ìdí tí òfin kò fi dárúkọ rẹ̀ ni pé bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, yóò já sí ọ̀mì àtúnwá tàbí ọ̀mì àádọ́ta ìrìn. Ọ̀nà ni ìkọlọ́ba àìdáwọ́dúró. Ọ̀mì àtúnwá ni ibi tí ọ̀nà náà já sí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

5. Àpẹẹrẹ: ayò kan ní Vienna, 1872

Ayò tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí lókìkí láàrin àwọn tí ó mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan borí ni, bí kò ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè borí. Kò sí ẹni tí ó fi ṣẹ́ẹ̀sì ṣe iṣẹ́ oòjọ́ nínú àwọn tí ó ta á. Carl Hamppe, tí a bí ní 1814 tí ó sì kú ní 1876, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Vienna. Òun ni ó ta Funfun. Philipp Meitner jẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú kan náà. Òun ni ó ta Dúdú. Àwọn tí ó kọ́ ìmọ̀ físíìsì yóò dá orúkọ Meitner mọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Lise Meitner, tí a bí ní 1878, tí òun àti Otto Frisch sì ṣàlàyé ní 1939 bí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù ṣe lè là sí méjì.

Àkọsílẹ̀ ayò náà nìyí. Nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, ti Funfun ni ó ṣáájú, ti Dúdú ni ó tẹ̀lé e:

1. e4 e5
2. Ẹc3 Bc5
3. Ẹa4 Bxf2+
4. Ọxf2 Lh4+
5. Ọe3 Lf4+
6. Ọd3 d5
7. Ọc3 Lxe4
8. Ọb3 Ẹa6
9. a3 Lxa4+
10. Ọxa4 Ẹc5+
11. Ọb4 a5+
12. Ọxc5 Ẹe7
13. Bb5+ Ọd8
14. Bc6 b6+
15. Ọb5 Ẹxc6
16. Ọxc6 Bb7+
17. Ọb5 Ba6+
18. Ọc6 Bb7+
Ọ̀mì: ½–½.

Ní ìrìn kẹta, ẹlẹ́ṣin Hamppe dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù Dúdú ní c5. Meitner ìbá ti fa bíṣọ́ọ̀bù náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó fi í rúbọ ní f2 kí ó lè fa ọba Funfun jáde kúrò nílé. Láti ìgbà náà ni ọba Funfun ti di alárìnká. Nínú ìrìn 16 àkọ́kọ́ tí Funfun rìn, mẹ́wàá ni ó jẹ́ ti ọba nìkan. Ó gba f2, e3, d3, c3 àti b3 kọjá, ó dé a4, ó sì wọ inú ilé ọ̀tá lọ.

Ní ìrìn kẹsàn-án, Meitner fi olorì rẹ̀ jẹ ẹlẹ́ṣin ní a4, ó mọ̀ pé ọba Funfun yóò jẹ olorì náà. Ní ìrìn kọkànlá, ó tún jọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin kan. Lẹ́yìn náà ni ó rin ìrìn jẹ́jẹ́ kan: ẹlẹ́ṣin kejì lọ sí e7. Ìrìn náà kò kọlu ọba, ṣùgbọ́n ikú ni ó gbé pamọ́ sínú. Bí Funfun kò bá ṣe nǹkan kan, ọmọ-ogun yóò kọlu ọba láti b6, ọba yóò sá sí b5, bíṣọ́ọ̀bù yóò sì mú un láti d7. Hamppe rí i. Ó fi bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rúbọ ní c6 kí ó lè já okùn náà.

Nígbà tí ọba Funfun dé c6 ní ìrìn kẹrìndínlógún, ẹni tí ó bá fẹ́ lo kíkà yóò dájọ́ kíákíá. Funfun ní olorì kan, ilé-ìṣọ́ méjì, bíṣọ́ọ̀bù kan, ẹlẹ́ṣin kan àti ọmọ-ogun mẹ́fà: 31 ni àpapọ̀ rẹ̀. Dúdú ní ilé-ìṣọ́ méjì, bíṣọ́ọ̀bù kan àti ọmọ-ogun mẹ́jọ: 21 ni. Funfun fi 10 jù ú, èyí sì ju olorì kan gbáko lọ. Kò sí ìdọ́gba níbí rárá.

Ṣùgbọ́n Dúdú gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí b7, ó kọlọ́ba. Ojúlé méjì péré ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọba: kí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà ní b7, tàbí kí ó padà sí b5. Bíṣọ́ọ̀bù náà dà bí ẹran tí a so mọ́ ẹnu pàkúté. Bí ọba bá jẹ ẹ́, ọba Dúdú yóò rọra sún sí d7. Ọba Funfun kò ní lè jáde kúrò ní b7 mọ́, nítorí pé ọba Dúdú, ilé-ìṣọ́ méjèèjì àti ọmọ-ogun méjì ti pa gbogbo ọ̀nà dé. Ohun tí ó kù kò ju kí ilé-ìṣọ́ ti h8 bọ́ sí b8 kí ó mú un. Funfun lè fi olorì rẹ̀ kọlọ́ba lẹ́ẹ̀kan láti g4, ọba Dúdú yóò kúrò lọ sí d6, ìmọ́ba kò sì ní ṣàìdé.

Nítorí náà, ọba padà sí b5. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé e sí a6, ó tún kọlọ́ba. Ọba kò lè jẹ ẹ́, nítorí pé ilé-ìṣọ́ a8 ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà méjì ni ó tún wà: a4 tàbí c6. Bí ọba bá sá sí a4, bíṣọ́ọ̀bù yóò lọ sí c4, ọmọ-ogun b6 yóò sì sún sí b5 ní ìrìn tí ó tẹ̀lé e láti mú un. Gbogbo agbára olorì Funfun kò lè dá a dúró. C6 ni ó kù. Níbẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù tún ti padà sí b7, ìtò náà sì tún padà wá sí bí ó ti wà.

Kí ni ó dé tí Dúdú kò fi wá ohun tí ó ju èyí lọ? Ìdí ni pé bí ó bá simi ìkọlù fún ìrìn kan ṣoṣo, Funfun yóò rí àyè gbá ọba rẹ̀ sílẹ̀, agbára 31 yóò sì borí 21. Kí ni ó dé tí Funfun kò fi kúrò nínú àyíká náà? Ìdí ni pé gbogbo ọ̀nà tí ó jáde kúrò nínú rẹ̀ já sí ìmọ́ba. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀ láti tún ìrìn náà rìn ni yóò fìdí rẹmi. Ohun tí Meitner àti Hamppe rí nìyẹn ní ìrìn kejìdínlógún tí wọ́n fi gbà á ní ọ̀mì.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni ìtumọ̀ ti lè jáde fún ọ̀rọ̀-ìperí wa: nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀mì ni òpin ayò tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó mú ọba ẹnì kejì, yálà nítorí pé kò ṣeé ṣe, tàbí nítorí pé òfin tàbí àdéhùn dá a dúró. Kì í ṣe kíkà ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe ìdájọ́.

6. Iye tí ọ̀mì ní nínú ìdíje

Ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fún ọ̀mì ni ó ń sọ iye tí wọn yóò kọ fún un. Ní 1867, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì méjì wáyé tí ó fi èyí hàn. Ní Paris, òdo ni a kọ fún àwọn méjì tí ó ta ọ̀mì, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó fìdí rẹmi. Ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland, ìdajì máàkì ni a kọ fún oníkálukú. Ti Dundee ni ó borí nígbẹ̀yìn, òun sì ni àmì ½–½ tí a kọ lókè ń sọ.

Àìríbirìn pàápàá ti yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá sé ọ̀nà mọ́ ọba ọ̀tá rẹ̀ láìkọlù ú ni a kà sí ẹni tí ó fìdí rẹmi. Òde òní ni ó sọ ọ́ di ọ̀mì fún àwọn méjèèjì.

Nínú ìdíje Anatoly Karpov àti Garry Kasparov fún ipò ọba ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Moscow ní oṣù September 1984, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹfà ni yóò gba ipò náà, ọ̀mì kò sì ní iye kankan. Wọ́n ta ayò 48. Karpov borí nínú 5, Kasparov borí nínú 3, 40 sì jẹ́ ọ̀mì. Ní oṣù February 1985, a dá ìdíje náà dúró láìsí olùborí. Ní London ní 2018, Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana ta ayò 12, gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ ọ̀mì, ó di 6 sí 6. Ayò kíákíá ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Carlsen sì borí ní 3 sí 0.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà láti dín ọ̀mì kù. Ní ìdíje kan ní Sofia ní 2005, òfin kò jẹ́ kí àwọn atayò fi ọ̀mì lọ ara wọn. Ní Bilbao ní 2008, máàkì 3 ni wọ́n kọ fún olùborí, 1 fún ọ̀mì, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọ̀mì àdéhùn ni òfin Sofia ń bá jà. Kò sí òfin tí ìbá dá ọ̀mì Hamppe àti Meitner dúró, nítorí pé ojú ọpọ́n ni ó pàṣẹ rẹ̀. Èyí tún jẹ́ ẹ̀rí pé ó yẹ kí oríṣi ọ̀mì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

7. Ọ̀mì nínú ìmọ̀ ìṣirò

Ìbéèrè kan kù tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́: bí àwọn méjì tí kì í ṣe àṣìṣe rárá bá jókòó ti ọpọ́n kan, báwo ni ayò náà yóò ti parí? Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà wá ìdáhùn sí i fún Awari, ẹbí ayò ọlọ́pọ́n, tí ó ní ojúlé 12 àti ọmọ 48. Ìtò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni ọ̀mì. Ní 2007, Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà fi hàn pé ọ̀mì náà ni dìráfù olójúlé 64.

Ní ti ṣẹ́ẹ̀sì, kò tíì sí ẹni tí ó rí ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà ti yanjú gbogbo ìtò tí ọmọ ayò orí ọpọ́n kò bá ju méje lọ, pẹ̀lú ọba méjèèjì, ṣùgbọ́n 32 ni ayò fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀ta gbàgbọ́ pé ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ìgbàgbọ́ sì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí.

8. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún òpin ayò tí kò ní olùborí, nígbà tí èdè Yorùbá ti ní ọ̀mì. Ohun tí ó yẹ ni kí a yọ ìtumọ̀ ìdọ́gba kúrò lára rẹ̀ nígbà tí a bá lò ó fún ṣẹ́ẹ̀sì, kí a sì fi ọ̀rọ̀ kejì kún un láti fi ọ̀nà tí ọ̀mì gbà wáyé hàn. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá nìyí:

Ọ̀mì: òpin ayò tí kò ní olùborí.
Ìkọlọ́ba: kí ọmọ ayò dojú kọ ọba ọ̀tá.
Ìmọ́ba: ìkọlọ́ba tí kò ní àbáyọ, òpin ayò tí ó ní olùborí.
Àìríbirìn: kí ó kan ènìyàn láti rìn, kí ó má sí ìrìn tí òfin fi àyè gbà, kí a má sì kọlu ọba rẹ̀.
Ọ̀mì àdéhùn: ọ̀mì tí àwọn méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí.
Ọ̀mì àìtógun: ọ̀mì nítorí pé ọmọ ayò tí ó kù kò tó láti mú ọba.
Ọ̀mì àtúnwá: ọ̀mì nítorí pé ìtò kan náà padà wá lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọ̀mì àádọ́ta ìrìn: ọ̀mì nítorí pé ìrìn 50 kọjá láìjẹ nǹkan, láìṣí ọmọ-ogun.
Ìkọlọ́ba àìdáwọ́dúró: ìkọlù léraléra tí ọba kò lè bọ́ nínú rẹ̀, tí ó ń já sí ọ̀mì.

Ọmọ tí ó bá ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu yóò lè dúró níwájú adájọ́ kí ó sì sọ ìdí tí ìdajì máàkì fi jẹ́ tirẹ̀, bí ọmọ ayò rẹ̀ tilẹ̀ kù díẹ̀ lórí ọpọ́n. Adájọ́ tí ó bá ní wọn kò ní wo ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù kí ó tó dájọ́.